Ẹ Wá Omi Kí Ẹ Tó Wá Lọ́fínńdà: Ọ̀rọ̀ Lórí Òórùn Ìwé Àtijọ́ Nílé àti ní Mọ́sáláṣí

 

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí lè dà bí ohun kékeré létí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ òórùn tó máa ń jáde lára ìwé tó ti pẹ́ ni, òórùn tútù bíi ti aṣọ tí a ká sínú àpò kó tó gbẹ. Ọ̀pọ̀ ilé Mùsùlùmí ló mọ̀ ọ́n. Bí oṣù àwẹ̀ bá ku ọ̀sẹ̀ kan, a ó gbé Àlùkùránì bàbá àgbà sọ̀kalẹ̀ láti orí kọ́bọ́ọ̀dù, a ó ṣí i, òórùn yẹn ni yóò sì kọ́kọ́ kí wa kí ojú wa tó dé orí Fátíhà. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe kò ju ẹyọ kan lọ: a ó wá lọ́fínńdà, a ó fín in sí ìwé náà, a ó sì pa á dé.

Ní tiwa, a gbà pé àṣìṣe ni. Òórùn yẹn ń sọ fún wa pé omi wà níbi tí kò yẹ kó wà. Bí a kò bá wá omi náà rí, lọ́fínńdà kò lè ràn wá lọ́wọ́. Àwọn nǹkan mìíràn tí a sì máa ń kó sínú kọ́bọ́ọ̀dù ìwé nítorí òórùn lè ṣe ọmọ wa léṣe ju òórùn náà lọ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún wa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú wa ni, ẹ̀bi rẹ̀ sì wà lọ́rùn wa.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ NÍ MỌ́SÁLÁṢÍ WA

Àwa tí à ń kọ abala yìí, iṣẹ́ apòògùn òyìnbó là ń ṣe. Tó bá di òpin ọ̀sẹ̀, a máa ń wà lára àwọn tó ń gbálẹ̀, tó ń fọ ibi àlùwàlá, tó sì ń tọ́jú ìwé ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyá kan wá bá wa ní ṣọ́ọ̀bù oògùn nítorí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní oògùn ikọ́ tó lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ Àtìní dé ọjọ́ Jímọ̀, ara ọmọ yìí máa ń yá. Tó bá ti di alẹ́ Sátidé báyìí, ikọ́ á tún gbé e."

A bi í pé kí ni ọmọ náà máa ń ṣe ní ọjọ́ Sátidé. Ó dáhùn pé, "Ilé-kéú ni. Ní mọ́sáláṣí yín náà ni."

A kò ta oògùn ikọ́ kankan fún un. A ní kó gbé ọmọ náà lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí ikọ́ tó ń lọ tó ń bọ̀, tí àyà ọmọ sì ń dún bíi fèrè, kì í ṣe ikọ́ òtútù lásán. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ikọ́ fée ni, ó sì fún un ní oògùn tí wọ́n máa ń fà sínú láti ẹnu. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti yọ ọmọ kúrò ní ilé-kéú. Ọmọ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí Júsù Àmọ wá jókòó sílé, ústáàsì rẹ̀ sì rò pé kéú ló ń sá fún.

A lọ wo ibi tí ọmọ náà máa ń jókòó. Ẹ̀yìn pátápátá ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ńlá tí a ń kó àwọn Àlùkùránì tó ti ya àti àwọn ìwé àtijọ́ sí. Bí a ti ṣí i, àwa àgbàlagbà mẹ́ta la bẹ̀rẹ̀ sí í sín.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ohun tí a kọ́kọ́ ṣe. A ra lọ́fínńdà, a sì jó tùràrí níbẹ̀. Kò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ tí òórùn náà fi padà. A ra bọ́ọ̀lù kanfọ, a jù ú sí àárín ìwé. Òórùn méjì ló wá ń jà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan nínú wa ní bóyá kòkòrò ló ń fà á, la bá fín oògùn apakòkòrò sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn ìrun Iṣáì ọjọ́ Jímọ̀, a sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí àwọn ọmọ dé láàárọ̀ Sátidé, omi ń bọ́ lójú wọn, ọ̀kan bì, a sì sáré kó gbogbo wọn jáde sínú atẹ́gùn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun pé kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú tì wá gan-an, nítorí àwa náà là ń kọ́ aráàlú bí wọn yóò ṣe máa ṣọ́ra fún oògùn olóró.

Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni ìyá àgbà kan tó máa ń bá wa gbálẹ̀. Ó na ọwọ́ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ògiri yìí tutù. Ṣé ẹ̀yìn ibí yìí kọ́ ni ẹ̀rọ omi àlùwàlá wà ni?"

Ibẹ̀ ni lóòótọ́. Páìpù kan ń jò nínú ògiri, omi ń fà díẹ̀díẹ̀, igi ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù sì ti rọ̀ bíi bisikíìtì tí wọ́n rẹ sínú tíì. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Làpálàpá la ti ń pa láti ọjọ́ yìí.

KÍ LÓ Ń RÙN GAN-AN?

Ara igi àti òwú ni wọ́n ti ń ṣe ìwé. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń di ìwé àtijọ́ mìíràn sì jẹ́ ti ìyẹ̀fun tàbí ti awọ ẹran. Oúnjẹ ni gbogbo rẹ̀ fún olú wínníwínní, irú èyí tó máa ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu. Irúgbìn olú yìí wà nínú afẹ́fẹ́ níbi gbogbo, kò sí ilé tí kò sí. Omi nìkan ló ń dúró dè. Tí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bíi 65 sí 70 nínú ọgọ́rùn-ún, tó sì pẹ́ bẹ́ẹ̀, olú náà á bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Tó bá jẹ́ pé ìwé rẹ sínú omi ni, ọjọ́ méjì péré ti tó fún un. Bó ṣe ń jẹ ìwé ló ń tú èéfín tí ojú kò lè rí sílẹ̀, èéfín yẹn ni imú wa ń gbọ́.

Ẹ wá rò ó wò: ní Èkó àti ní ọ̀pọ̀ ìlú ilẹ̀ Yorùbá lásìkò òjò, ọ̀rinrin máa ń ju 80 lọ láàárọ̀. Kì í ṣe ìwà ọ̀bùn ló ń mú kí ìwé wa bu. Ojú ọjọ́ wa ni, ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń bá a gbé.

Ó yẹ ká fi ìyàtọ̀ kan hàn níbí. Ìwé tó gbẹ dáadáa, tó kàn ti dàgbà, ní òórùn tirẹ̀: ó fúyẹ́, ó máa ń dùn díẹ̀ lẹ́nu imú, bébà rẹ̀ sì máa ń pọ́n bíi àwọ̀ tíì. Ìyẹn kò ní àrùn nínú. Èyí tó ń rùn tútù, tó ń rin imú, tó ní àmì dúdú, ewé tàbí funfun bí ìyẹ̀fun lára, òun là ń bá wí.

Ṣé ó lè pani? A kò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ẹni tí ara rẹ̀ le, bó bá ṣí irú ìwé bẹ́ẹ̀, á sín, imú rẹ̀ á rin, ó parí. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó ní ikọ́ fée, irúgbìn olú yẹn lè mú kí ọ̀nà èémí rẹ̀ fún pinpin. Bákan náà ni fún ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ti rẹ̀, àti ẹni tó ń lo oògùn tó ń dín agbára ìdáàbòbò ara kù. Nípa ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, a kò ní sọ pé ìwé nìkan ló fa àìsàn rẹ̀. Ikọ́ fée ní okùnfà púpọ̀. Ohun tí a mọ̀ ni pé a gbé e jókòó fún wákàtí mẹ́rin lọ́sẹ̀ síbi tó burú jù lọ fún irú àyà bẹ́ẹ̀.

OHUN MẸ́RIN TÍ A NÍ KÍ Ẹ MÁ ṢE

Àkọ́kọ́ ni lọ́fínńdà àti tùràrí. A mọ ohun tí àwọn ará wa yóò sọ: "Ṣebí Ànábì wa fẹ́ràn òórùn dídùn?" Bẹ́ẹ̀ ni, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ náà, ìwẹ̀ ló ń ṣáájú, òórùn dídùn ló ń tẹ̀ lé e. Ta ni nínú wa tó máa fi lọ́fínńdà kun ara tí kò wẹ̀? Ìwé tó bu, tí a fín lọ́fínńdà sí, kò tíì wẹ̀. Òróró inú lọ́fínńdà á tún ta àbàwọ́n sí ojú ìwé, èéfín tùràrí á sì tún bi ẹni tó ní ikọ́ fée nínú sí i.

Ìkejì ni bọ́ọ̀lù funfun tí a ń pè ní kanfọ. Èyí ni ó ń dùn wá jù, nítorí kò sí ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ wa. Kàfúrà tí a mọ̀ nínú ìwẹ̀ òkú, tí Ànábì ní kí wọ́n fi sí omi ìkẹyìn nígbà tí wọ́n ń wẹ òkú ọmọ rẹ̀ obìnrin, láti ara igi ló ti ń wá. Èyí tó wà lọ́jà yìí kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Naphthalene ló wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ohun kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tí à ń pè ní G6PD, tó máa ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ pupa. Nínú àwọn ọkùnrin ilẹ̀ Yorùbá, ó tó nǹkan bí ẹnìkan nínú márùn-ún tí tirẹ̀ kò tó. Tí ọmọ tuntun tó ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn naphthalene símú, ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ lè máa fọ́, ojú rẹ̀ á pọ́n bí atalẹ̀ pupa, oró náà sì lè gòkè lọ sí ọpọlọ, kó sọ ọmọ di adití tàbí aláàbọ̀ ara, tàbí kó pa á.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí nínú ilé: àpótí kan náà ni a ń kó Àlùkùránì àtijọ́ sí pẹ̀lú aṣọ òkè àti ìró tí a ó fi pọn ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. A sọ kanfọ sínú rẹ̀ nítorí ìwé àti aṣọ, a wá fi ìró yẹn we ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Bí ẹ bá sì rí i pé ojú ọmọ tuntun pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ẹ má gbé e sínú oòrùn, ẹ má fún un ní omi glúkóòsì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìkẹta ni oògùn apakòkòrò, pàápàá èyí tó ní dichlorvos nínú. Oògùn oko ni. Ó máa ń mú kí itọ́ àti omijé máa dà, kí àyà fún, kí ènìyàn máa bì. Ní ọdún 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa rẹ̀ nínú ike kéékèèké, nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò. Ìwé máa ń fa oògùn yìí mu, ẹni tó bá ṣí i lọ́la ló máa fà á símú. Ọmọdé tó ń fi itọ́ ṣí ojú ìwé á tún gbé e mì. A ti ṣe é rí, a kò ní ṣe é mọ́ láé.

Ìkẹrin ni omi ìfọṣọ funfun tí a fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ó lè pa olú lára táìsì, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ bébà, ó máa ń pa àwọ̀ ìwé rẹ́, ó sì tún ń fi omi kún omi.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A ṢE

Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni wíwá omi. Ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri tó wà lẹ́yìn ìwé. Ẹ wo òkè àjà bóyá àmì omi wà níbẹ̀, ẹ wo ìsàlẹ̀ bóyá ilẹ̀ ń rin. Ṣé páànù ń jò? Ṣé ibi àlùwàlá tàbí balùwẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri náà? Ṣé ìwé wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí símẹ́ńtì? Kí a tó fọwọ́ kan ìwé kankan, ẹ tún ibẹ̀ ṣe. Ní mọ́sáláṣí wa, púlọ́ńbà fọ́ ara ògiri, ó pààrọ̀ páìpù, a sì fi ògiri náà sílẹ̀ ní ìhòòhò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí a tó rẹ́ ẹ padà. A fi igi ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù tó ti jẹrà sọ́tọ̀, a jó o.

Lẹ́yìn náà ni gbígbẹ ìwé. Àsìkò ọyẹ́ ló dára jù, nígbà tí ètè wa pàápàá ń sán. Bó bá jẹ́ àsìkò òjò ni, ẹ yan ọ̀sán tí oòrùn ràn. Ẹ kó ìwé jáde sí abẹ́ òjìji tí atẹ́gùn ń fẹ́, ẹ gbé e dúró lórí tábìlì, kí ojú ìwé ṣí bí abẹ̀bẹ̀. Wákàtí díẹ̀ lójúmọ́ ti tó, fún ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí a sì kó o wọlé kí ìrì alẹ́ tó sẹ̀. Ẹ má tẹ́ ẹ sínú oòrùn gangan láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, torí oòrùn máa ń pa tàdáà rẹ́, ó sì ń mú kí bébà gan, kó máa ṣẹ́ bí ewé gbígbẹ.

Ìwé tó rẹ sínú omi lóòótọ́, irú èyí tí àgbàrá wọlé bá, ẹ fi bébà funfun tí kò ní ìkọ̀wé kankan sí àárín ojú ìwé rẹ̀, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó ṣe ń rin. Ẹ má lo ìwé ìròyìn, nítorí yíǹkì rẹ̀ máa ń ràn. Bó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ lè gbẹ láàárín ọjọ́ méjì lọ, ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ kó o sínú fírísà tó ń dì, kó lè dúró títí àyè yóò fi yọ. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹ gbẹ́kẹ̀ lé fírísà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè bóyá iná ọba yín ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé.

Tí ìwé bá ti gbẹ, ìgbà náà ni a ó gbá olú kúrò lára rẹ̀. Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ̀yìn yín kọ sí ibi tí atẹ́gùn ti ń bọ̀. Ẹ fi ìbòmú N95 bo imú àti ẹnu, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ bíi ti ọ̀dà gbá a jáde, kí ó máa jìnnà sí yín. Ẹ má fi ẹnu fẹ́ ẹ láé. Ẹni tó ní ikọ́ fée kò gbọ́dọ̀ bá wa ṣe iṣẹ́ yìí, ọmọdé náà kò gbọ́dọ̀ sí nítòsí. Bó bá jẹ́ Àlùkùránì ni, ẹ ṣe àlùwàlá kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí olú náà bá ń ta mọ́ ọwọ́ bí ọ̀rá dípò kó máa bọ́ bí ìyẹ̀fun, ìwé náà kò tíì gbẹ. Ẹ dá a padà síbi atẹ́gùn.

Òórùn tó bá ṣẹ́ kù ló kàn. Ẹ wá ike ńlá tó ní ọmọrí. Ẹ da baking soda, bíi kọ́ọ̀pù kan, sínú àwo tó fẹjú, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ ike. Èédú igi tó mọ́, tó sì gbẹ, náà dára. Ẹ gbé ìwé lé orí nǹkan tó ní ihò, kó má fara kan àwo náà, kí ojú rẹ̀ sì ṣí díẹ̀. Ẹ dé e fún ọ̀sẹ̀ kan sí méjì, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta. Kò sí owó ńlá níbẹ̀. Àwọn ìwé kan yóò ṣì máa rùn díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo èyí, ìyẹn kò burú, bí ó bá ti gbẹ, tí olú kò sì hù mọ́.

Nípa ìpamọ́: kí kọ́bọ́ọ̀dù jìnnà sí ògiri ní ìwọ̀n ìka mẹ́rin, kí ìwé ga kúrò nílẹ̀, kí ẹ má sì kì í mọ́ra títí ìka kò fi ní ráyè wọ àárín rẹ̀. Ẹ máa ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́sàn-án tó gbẹ, ẹ máa tì í nígbà òjò. Ìwé tó ṣọ̀wọ́n lè wà nínú ike tó dé dáadáa pẹ̀lú àpò kékeré silica gel, èyí tó dà bí iyọ̀ tí ẹ máa ń rí nínú páálí bàtà tuntun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ èyí tó wà nínú ike oògùn yín, torí ó ń ṣọ́ oògùn náà, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé fi sẹ́nu. Àwọn kan máa ń lo ìrẹsì. Eku àti kòkòrò nìkan ni ìrẹsì ń pè wá sídìí ìwé.

ÌWÉ ÀFỌWỌ́KỌ ÀTI ÈYÍ TÓ TI KỌJÁ ÀTÚNṢE

Ilé àwọn àáfà ní Ìlọrin, Ìbàdàn, Ìwó àti ibòmíràn ṣì ní ìwé tí àwọn baba ńlá fi ọwọ́ kọ. Ẹ má fi aṣọ tútù nu irú ìwé bẹ́ẹ̀. Gbogbo ẹni tó ti mu hàntú rí ló mọ ìdí rẹ̀: tàdáà tí a fi kọ wàláà ni omi ń fọ̀ kúrò tí a ń mu yẹn, irú tàdáà bẹ́ẹ̀ sì ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́. Omi ẹ̀ẹ̀kan lè pa iṣẹ́ ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ́. Ẹ gbẹ ẹ́ lábẹ́ òjìji, ẹ fi fóònù ya ojú ewé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì wá àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọ́n ti ń ṣe àkójọ irú ìwé èdè Lárúbáwá bẹ́ẹ̀.

Àlùkùránì tó ti jẹrà ńkọ́? A mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ló jẹ́ ká máa kó wọn jọ. A kò lè jù wọ́n sí ààtàn, bẹ́ẹ̀ náà ni a kò lè fi wọ́n pọ́n àkàrà. Nítorí náà, a ń tì wọ́n sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù lọ́dọọdún títí ibẹ̀ fi di oko olú. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀wọ̀ ni kí ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun máa jẹrà nínú òkùnkùn? Àwọn onímímọ̀ ti là á sílẹ̀: a lè sin ín sí ilẹ̀ mímọ́ tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀, tàbí kí a jó o títí yóò fi di eérú, gẹ́gẹ́ bí Ṣéyìdínà Uthman ṣe ní kí wọ́n jó àwọn ẹ̀dà mìíràn nígbà tó kó Àlùkùránì jọ sójú kan. Ẹ bi Lèmọ́mù yín léèrè èyí tó rọrùn níbi tí ẹ wà. Ní tiwa, Lèmọ́mù yàn pé kí a sin wọ́n, òun fúnra rẹ̀ ló sì dúró tì wá níbẹ̀.

Ẹ̀BẸ̀ WA SÍ ÀWỌN ALÁṢẸ MỌ́SÁLÁṢÍ

Nígbà tí a gbé ọ̀rọ̀ páìpù dé ìpàdé, àgbà kan ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré ni ìwé kéú ti ń rùn bẹ́ẹ̀, kò sì pa wá." A dá a lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé, "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá. Kò pa ẹ̀yin tí ẹ wà níbí. Ṣùgbọ́n àwọn tí àyà wọn kò gbà á, tí wọ́n fi kéú sílẹ̀, wọn kò sí níbí tí wọn yóò fi sọ tiwọn." Bàbá dákẹ́ díẹ̀, ó ní kí wọ́n ka owó púlọ́ńbà sílẹ̀.

Ohun tí a fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ànábì wa ní kí ẹni tó bá jẹ ààyù tàbí àlùbọ́sà tútù má ṣe wá bá wa ní mọ́sáláṣí, nítorí òórùn rẹ̀ ń ni àwọn tó wà níbẹ̀ lára. Bí òórùn ẹnu ẹnìkan bá tó ohun tí à ń gba ti ẹlòmíràn rò sí, mélòó mélòó ni kọ́bọ́ọ̀dù tí gbogbo wa jọ ni, tí ó ń lé ọmọdé kúrò nídìí Àlùkùránì? Kí a tó ra kápẹ́ẹ̀tì tuntun, kí a tó kun ọ̀dà sí ìta, ẹ jẹ́ ká na ọwọ́ sí ògiri ẹ̀yìn ìwé. Ẹ yan ẹnìkan tí yóò máa yẹ ìwé wò lóṣooṣù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ilé-kéú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí kọ́bọ́ọ̀dù máa dá jókòó sẹ́yìn.

Ẹ̀yin òbí náà, bí ọmọ bá ń sọ pé ara òun kò yá ní gbogbo ìgbà tó bá ti ibì kan dé, ẹ má tètè pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ lọ wo ibẹ̀, kí ẹ fi imú àti ọwọ́ yín yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ti padà sí ilé-kéú. Oògùn àfàsínú rẹ̀ ṣì wà nínú àpò rẹ̀, ó sì yẹ kó wà níbẹ̀, torí ikọ́ fée kì í lọ nítorí pé a tún páìpù ṣe. Ṣùgbọ́n ó ti parí Júsù Àmọ, ó sì ti bọ́ sí Tábárà.

Kí Ọlọ́hun fún àwọn ọmọ wa ní àlàáfíà, kí Ó jẹ́ kí ìmọ̀ wa ṣe wá láǹfààní, kí Ó má sì jẹ́ kí ibi tí a ti ń sìn Ín di ibi tí ara ti ń ni ẹnikẹ́ni. Àmín.